Oníṣẹ́ iná láti Àjàṣẹ́ tó ń lọ sí Québec: ṣé kí n kó irinṣẹ́ mi dání?

Ọmọ Wàndó

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó wà lókè òkun. Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní Bẹ̀nẹ̀ ni mo wà, apá ọjà Wàndó. Iṣẹ́ iná ni mò ń ṣe, ó di ọdún kọkànlá báyìí. Mo gba díbílómù iléèwé iṣẹ́ ọwọ́, mo tún wá sin ọ̀gá kan fún ọdún mẹ́rin, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un. Ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta ló wà lọ́dọ̀ mi. Ilé tí mo ti fa iná sí láti Àjàrá dé Sàkété, mi ò lè kà á tán.

Ìwé tí a máa fi kó lọ sí Québec ní Kánádà ti jáde, tèmi, ti ìyàwó mi àti tàwọn ọmọ méjèèjì. Bí Ọlọ́run bá fẹ́, oṣù kẹwàá la ó wọ bàálù. Ṣùgbọ́n látìgbà tí ìwé yẹn ti jáde ni oorun ti dá lójú mi.

Mo ní díríìlì ńlá kan àti ẹ̀rọ tí a fi ń la ògiri, owó èsúsú odidi ọdún kan ni mo fi rà wọ́n. Ṣé kí n kó wọn dání? Ìyàwó mi náà ń ránṣọ, ó ní òun ò lè fi máṣíìnì ọlọ́wọ́ òun sílẹ̀, torí ìyá rẹ̀ ló fún un. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rẹ́ mi kan tó ti débẹ̀ rí sọ pé wọn ò ní jẹ́ kí n fọwọ́ kan wáyà, pé ilẹ̀ ilé ìtajà ni màá máa gbá. Ṣé òótọ́ ni àbí ó ń dẹ́rù bà mí ni? Mo sì ní ilẹ̀ kan lọ́nà Àjàrá tí mi ò tíì kọ́. Ṣé kí n tà á, kí owó ọwọ́ mi lè pọ̀ sí i?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣẹ̀rín.

Ìyá Ìbejì

Àbúrò, ẹ kú oríire o. Montréal ni mo wà, èmi ò mọ nǹkan kan nípa wáyà, aṣọ ni màá sọ. Ẹ má ra aṣọ òtútù kankan ní Àjàṣẹ́. Àlòkù kóòtù tí wọ́n ń tà lọ́jà níbẹ̀, òtútù Yúróòpù ni wọ́n rán an fún, ti ibí á gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ dé ná, ilé ìtajà àlòkù pọ̀ níbí, àwọn ni kí ẹ ti rà á. Àyè tó bá ṣẹ́ kù nínú àpótí, gàrí Savalou ni kí ẹ kó sí i. Kí ẹ sọ ọ́ fún wọn ní pápákọ̀ pé oúnjẹ wà lẹ́rù yín o, ẹni tó bá dákẹ́ ni wọ́n ń bá wí. Ẹran ìgbẹ́, ẹ má dán an wò.

Ọmọ Ìdẹ́nà

Àbúrò mi, kú ìmúra. Mo ka ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ Kétu ni mí, iṣẹ́ iná ni mo ṣe nílé fún ọdún mẹ́rìnlá kí n tó wá sí Sherbrooke, ọdún keje mi níbí rèé. Ẹnu ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀ sí lo ti ń gbọ́ eléyìí.

Díríìlì rẹ, fún ọmọ iṣẹ́ rẹ àgbà. Iná ibí kì í ṣe 220. Volt 120 ló ń jáde lójú ihò iná ara ògiri, hertz rẹ̀ sì jẹ́ 60, tiwa 50. Wọ́n ní 240 o, ṣùgbọ́n sítóòfù, ẹ̀rọ tó ń gbé omi gbóná àti àwọn ẹ̀rọ gbọọrọ tó ń mú ilé móoru ni wọ́n ń fà á fún. Ẹsẹ̀ tí wọ́n ń kì bọ ihò iná gan-an, pẹlẹbẹ ni, kì í ṣe róbótó bíi tiwa. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń la ògiri? Ògiri wo lo fẹ́ là! Pákó ni wọ́n fi ń kọ́ ilé níbí, inú egungun pákó ni wáyà ń gbà kọjá, wọ́n á wá fi páálí ẹfun bò ó. Ẹ̀rọ kékeré tí o fi ń wọn iná ni kí o mú, ìyẹn ò bìkítà ìlú tó bá wà. Máṣíìnì ìyàwó rẹ ńkọ́? Ẹ gbé e! Ohun tí à ń fọwọ́ yí kò mọ 120 yàtọ̀ sí 220. Nínú gbogbo ẹrù yín, òun nìkan ni mo mọ̀ dájú pé á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá dé.

Jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣe mí lọ́jọ́ kejì iṣẹ́ mi. Ilé àtijọ́ kan ni wọ́n gbé wa lọ. Mo ṣí àpótí iná kan lára ògiri, mo rí wáyà dúdú, mo rí funfun, mo sì rí ìkẹta tó wà níhòòhò, bàbà lásán, kò ní awọ lára. Ìwọ náà mọ̀ pé nílé, àwọ̀ búlúù ni nẹ́tírù, wáyà tí iná ń gbà padà, aláwọ̀ ewé tó ní ìlà yẹ́lò ni wáyà ilẹ̀, èyí tó ń gbé iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀. Mo ní ẹ ò rí i bí eku ti jẹ awọ wáyà yìí tán. Mo yọ téèpù dúdú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wé e, mo ń wé e dáadáa, bí ìgbà tí wọ́n ń di ọgbẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n fi mí sábẹ́ rẹ̀ bojú wẹ̀yìn, ó rí mi, ó fi ẹ̀rín jókòó sílẹ̀. Wáyà ilẹ̀ wọn ni! Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Funfun ni nẹ́tírù. Ìyẹn ló sì léwu jù fún èmi àti ìwọ, nítorí nílé wa, wáyà funfun lè gbé iná, kò sí ẹni tó máa bá ọ jà. Ọwọ́ mi ti mọ ọ̀nà kan fún ọdún mẹ́rìnlá, òun ni mo wá ń bá jà. Dòmínò tí a fi ń so wáyà, wọn kì í lò ó. Fìlà kékeré kan báyìí ni wọ́n ń yí mọ́ orí wáyà, marrette ni wọ́n ń pè é. Orí ìdè wọn náà, ihò onígun mẹ́rin ló wà níbẹ̀, kò sí èyí tí túnáfísì tí mo gbé ti Kétu wá lè tú nínú wọn.

Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn, ọmọ ọdún 26 ni. Ẹni ogójì ọdún ni mí nígbà náà. Ó ń fi orúkọ pè mí gbọnrangandan, «tu» ló ń pè mí, ìyẹn «ìwọ» ní Faransé, bí ẹni ń pe ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kìíní, inú mi ń hó bí omi ẹ̀bà. Nílé ẹni tí wọ́n ń kí ní «ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́» ni mí! Lọ́jọ́ kan ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ gan-an wá wò wá, bàbá arúgbó, ọmọ náà tún pe òun náà lórúkọ, ó sì gbá a lẹ́yìn pẹ̀ẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé kì í ṣe èmi ló ń fojú di. Faransé wọn náà ní tirẹ̀. Wọ́n ní ká pàdé lẹ́yìn «dîner», mo lọ sílé lọ sùn, mo ní alẹ́ ni. Oúnjẹ ọ̀sán ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ gbígbálẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ kò parọ́ tán, kò sì sọ òótọ́ tán. Èmi fúnra mi di páálí nílé ìkẹ́rùsí kan fún oṣù mẹ́jọ, òru ni wọ́n máa ń fún mi. Ohun tó fà á nìyí, kí o kà á dáadáa nítorí òun ló mú mi jókòó kọ̀wé yìí.

Iṣẹ́ iná níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé, àjọ tí wọ́n ń pè ní CCQ ló ń bójú tó o. Kí o tó di ẹni tó lè dá ṣiṣẹ́, kọ̀ǹpáńyọ̀n, ọmọ iṣẹ́ lo máa jẹ́ ní ìpele mẹ́rin, wákàtí 2,000 ni ìpele kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ rẹ̀ 8,000. Wọ́n lè ka wákàtí tí o ti ṣe nílé fún ọ, wọ́n tiẹ̀ lè jẹ́ kí o lọ ṣe ìdánwò bí wákàtí rẹ bá tó, ṣùgbọ́n ìwé ni wọ́n ń kà, wọn kì í ka ẹnu. Lẹ́tà ẹni tó gbà ọ́ síṣẹ́, ọjọ́ tí o bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí o parí, iye wákàtí, irú iṣẹ́ tí o ṣe, òǹtẹ̀, ẹ̀rí pé wọ́n sanwó fún ọ. Èmi ò gbé ju díbílómù àti fọ́tò kan dání, níbi tí mo ti dúró lórí àkàbà. Ẹ̀bi mi ni. Ta ló ń kọ wákàtí sílẹ̀ ní Kétu? A ń ṣiṣẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú, a gba owó wa, ó parí. Láti Sherbrooke ni mo ti wá ń pe àwọn èèyàn lóru: ẹni kan ti kó lọ sí Àbújá, ẹni kan ní òun ò rántí mi, ilé-iṣẹ́ kan ti kógbá sílé. Èyí tí mo rí kó jọ kò tó ìdajì ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́.

Nítorí náà, kí oṣù kẹwàá tó dé, gbé alùpùpù rẹ, lọ sọ́dọ̀ gbogbo ẹni tí o ti bá ṣiṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Gba lẹ́tà. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá san owó CNSS, owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́, fún ọ rí, lọ gba ìwé rẹ̀. Lẹ́ẹ̀gálísé gbogbo ẹ̀dà rẹ̀ ní mérì, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i pé ó bá ojúlówó mu. Èyí ni irinṣẹ́ tí o máa gbé wá.

Tí o bá dé, ẹ̀kọ́ ààbò lẹ́nu iṣẹ́ wà tí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ wọ ibi ìkọ́lé gbọ́dọ̀ ṣe, wákàtí 30 ni; tètè ṣe é. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ márùn-ún ló wà, o gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan nínú wọn. Tó bá jẹ́ inú ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ńlá lo fẹ́ ti máa tún iná ṣe, ìwé mìíràn nìyẹn, ìjọba ló ń fúnni, má pa méjèèjì pọ̀.

Ìyókù, kíá kíá: lọ gba NAS rẹ, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ìjọba ń fún òṣìṣẹ́, ó ní díjíìtì mẹ́sàn-án, láìsí i kò sí ẹni tó lè san owó iṣẹ́ fún ọ. Káàdì ìlera ìjọba lè pẹ́ tó oṣù mẹ́ta kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nítorí náà ẹ ra ìwé adójútòfò fún ara yín kí ẹ tó kúrò. Ìwé ọkọ̀ Bẹ̀nẹ̀ lè gbé ọ fún oṣù mẹ́fà, lẹ́yìn ìyẹn ìdánwò ni. Ilé tí wọ́n bá kọ 4½ sí, yàrá mẹ́rin ni, ilé ìdáná wà nínú rẹ̀, balùwẹ̀ ni ìdajì yẹn. Onílé kò lẹ́tọ̀ọ́ láti gbà ju owó oṣù kìíní lọ kí o tó wọlé. Mo mọ̀ pé ẹni tó ti yá ilé ní Àjàṣẹ́ rí kò ní gbà mí gbọ́.

Bàbá Òkè Ṣábẹ

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ọmọ mi, nípa ilẹ̀ yẹn, má tà á. Ní 1978, nígbà tí Gàbọ̀ọ̀nù lé àwọn ará Bẹ̀nẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Káfíńtà ni bàbá mi ní Libreville, ó níṣẹ́ lọ́wọ́, ó lówó díẹ̀. Àpò kan àti ayùn kan ló gbé wọ Ṣábẹ. Ayùn náà ṣì wà lára ògiri mi. Ilẹ̀ tí kò tà nígbà tó ń lọ, lábẹ́ òkè níbẹ̀, òun ló gbin ẹ̀gẹ́ sí lọ́dún yẹn tí a fi rí jẹ. Bóyá o máa padà, bóyá o ò ní padà, ṣe ìwé ilẹ̀ náà lórúkọ ara rẹ kí o tó lọ. Ilẹ̀ tí olówó rẹ̀ wà lókè òkun, ẹni méjì méjì ni wọ́n ń tà á fún.

Ọmọ Ìdẹ́nà

Bàbá, ẹ ṣeun, ẹ̀mí yín á gùn. Mo dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi: ìdajì tèmi ni mo tà. Owó yẹn la jẹ ní gbogbo oṣù tí mò ń di páálí. Bí kò bá sí i, ìyàwó mi ì bá ti kó àwọn ọmọ padà sílé. Mi ò kábàámọ̀ pé mo tà á. Ti ìwé ilẹ̀ tí ẹ sọ, òótọ́ pọ́ńbélé ni.

Ọmọ Wàndó

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, Bàbá, mo dúpẹ́ púpọ̀. Mo ti fún ọmọ iṣẹ́ mi ní díríìlì náà, ó sunkún, èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ilẹ̀ náà, mi ò tíì mọ̀.

Ọjọ́ Àìkú mo lọ sọ́dọ̀ ìyàwó olóògbé ọ̀gá mi ní Àjàrá. Mo ní lẹ́tà ni mo ń wá. Ó ní òun ò mọ̀wé. Ó wọ inú ilé lọ, ó gbé páálí bàtà kan jáde. Ìwé kékeré mẹ́rin ló wà níbẹ̀, ìwé tí ọ̀gá máa ń kọ iṣẹ́ sí. Ọjọ́, ilé ta ni, mítà wáyà mélòó, àwa ta la lọ, iye tó fún ọmọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹun. Orúkọ mi wà níbẹ̀ láìmọye ìgbà! Mi ò mọ̀ pé ó ń kọ ọ́. Eku ti jẹ ọ̀kan nínú wọn dé àárín. Ẹ̀gbọ́n, ṣé irú ìwé bẹ́ẹ̀ wúlò?

Ọmọ Ìdẹ́nà

Yàtọ̀ sí lẹ́tà ni, ṣùgbọ́n kó fọ́tò rẹ̀ wá pẹ̀lú. Ya fọ́tò ojú ewé kọ̀ọ̀kan tí orúkọ rẹ ti hàn, títí kan èyí tí eku jẹ. Lẹ́yìn náà lọ bá àwọn onílé tí orúkọ wọn wà níbẹ̀, kí ẹni tó bá ṣì wà láyé kọ lẹ́tà fún ọ, kí ọjọ́ inú lẹ́tà sì bá ti inú ìwé mu. Ìwé náà gan-an, dá a padà fún ìyá yẹn.