Àlàájá ní àwọn ò gba abẹ́rẹ́ ínsúlínì, oníhóró làwọn fẹ́. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Àlàájá: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ màmá mi ni mo gbé wá. Ó ti pẹ́ tí àtọ̀gbẹ ti ń bá wọn fà á, oògùn oníhóró metformin ni wọ́n sì ń lò. Lóṣù tó kọjá, dókítà ní ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn ò wálẹ̀ mọ́, ló bá fi abẹ́rẹ́ ínsúlínì kún un. Láti ìgbà yẹn nilé ò ti rójú. Wọ́n ní kí ló dé tí wọn ò ṣe é ní oníhóró bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìyá kan ládùúgbò tún wá sọ fún wọn pé kí wọ́n dà á sínú ẹ̀kọ gbígbóná kí wọ́n mu ún, pé ibì kan náà ló ń lọ!

Èkejì: a ò ríná láti ọjọ́ Ẹtì. Ìgò kan ṣì wà nínú fíríìjì tí kò tutù mọ́. Àbúrò mi gbé èkejì lọ sínú fírísà aládùúgbò tó ní jẹnẹrétọ̀, ó sì ti dì gbagidi. Ṣé a ṣì lè lo méjèèjì? Owó tí a fi rà á kì í ṣe kékeré.

Ìyá Ìbejì: Ẹ̀kọ gbígbóná kẹ̀! Ẹ bá mi kí ìyá àdúgbò yẹn o 😂

Nọ́ọ̀sì Alẹ́: Ẹ má fi ṣe ẹ̀rín, mo ti rí i rí. Ínsúlínì tó bá gba ẹnu wọlé kò ní ṣe Àlàájá lóore kankan. Ṣúgà á máa gòkè, àwọn á máa rò pé àwọn ti lo oògùn. Ibẹ̀ léwu wà.

Èyí tó dì, ẹ jù ú nù, kódà bó bá yọ́ tó sì mọ́ gaara. Èyí tó wà nínú fíríìjì tó kàn lọ́wọ́ọ́wọ́ yẹn kò tíì bàjẹ́. Ibi tó tutù ní ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì 2 sí 8 ni à ń tọ́jú ìgò tí a kò tíì lò sí. Tó bá ti kúrò níbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ṣeé lò fún nǹkan bí ọjọ́ 28, bí ibẹ̀ kò bá gbóná ju ìwọ̀n 25 tàbí 30 lọ. Ẹ ka ìwé inú páálí, wọn ò rí bákan náà. Ẹ kọ ọjọ́ tó kúrò nínú òtútù sára ìgò. Kẹ́ ẹ sì máa wò ó dáadáa: irú èyí tó yẹ kó mọ́ bí omi, tó bá ti dàrú, ẹ má lò ó. Irú èyí tó funfun bíi wàrà, ẹ yí i láàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì. Tí ó bá ṣì ní kókó, tàbí tí nǹkan lẹ̀ mọ́ ògiri ìgò, ẹ má lò ó.

Tíṣà Báyọ́lọ́jì: Ẹ jẹ́ n sọ ìdí rẹ̀, bóyá Àlàájá á gbọ́. Purotéènì ni ínsúlínì. Metformin kì í ṣe purotéènì, ohun kékeré ni, inú kì í rí nǹkan gé lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ àpòlúkù ni kó máa gé purotéènì. Omi kíkan inú rẹ̀ á tú u, pepsin, èròjà tó ń gé purotéènì, á bẹ̀rẹ̀ sí í gé e, èròjà bíi tirẹ̀, trypsin, á parí rẹ̀ nínú ìfun. Kò mọ̀ pé oògùn olówó gọbọi ni, bó ṣe ń ṣe ẹja panla náà ló máa ṣe é.

Purotéènì dà bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín. Amínò ásíìdì ni ẹyọ kọ̀ọ̀kan, oríṣi 20 sì ni ara wa fi ń sín in. Ti ínsúlínì ò ju ẹyọ 51 lọ: okùn kan ní 21, èkejì ní 30, ìdè imí-ọjọ́ méjì ló so wọ́n pọ̀. Kékeré ni o. Hemoglobin tó ń gbé afẹ́fẹ́ kiri nínú ẹ̀jẹ̀ ní 574, lórí okùn mẹ́rin. Titin tó wà nínú iṣan wa ju 30,000 lọ!

Okùn yìí kì í nà gbọọrọ. Ńṣe ló ń ká jọ, bó ṣe ká jọ gan-an ló sì ń sọ iṣẹ́ tó lè ṣe. Bí ínsúlínì ṣe rí ló ń jẹ́ kó lè so mọ́ ara sẹ́ẹ̀lì iṣan àti ti ọ̀rá, kí wọ́n lè jẹ́ kí ṣúgà wọlé. Ohun tó so mọ́ níbẹ̀, purotéènì. Ọ̀nà tí ṣúgà ń gbà wọlé, purotéènì náà ni. Ooru máa ń tú ìká yẹn. Ẹ wo funfun ẹyin nínú epo gbígbóná. Ẹyọ ìlẹ̀kẹ̀ ibẹ̀ ò dín, ìrísí ló yí, bẹ́ ẹ sì gbé e sínú fíríìjì títí, kò ní padà di bó ṣe wà kí a tó dín in. Dídì náà ń ba ti ínsúlínì jẹ́.

Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Frederick Sanger, ló rí bí ẹyọ 51 yẹn ṣe tò tẹ̀ léra, ó gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 1958. Ìrísí rẹ̀ ló le jù. Láti bí 1935 ni Dorothy Hodgkin ti ń wá a, ọdún 1969 ló tó rí i.

Agbo Ìṣẹ̀ǹbáyé: Ewúro àti efinrin ńkọ́? Ẹ pè mí.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́: Kí wọ́n jẹ ewúro nínú ọbẹ̀, kò burú. Kí wọ́n má fi rọ́pò ínsúlínì.

Ọmọ Àlàájá: Ẹ ṣeun gan-an. Mo ka ti Tíṣà sí wọn létí. Ọ̀rọ̀ panla yẹn wọ̀ wọ́n lára. Àmọ́ wọ́n ti tún mú òmíràn jáde: wọ́n gbọ́ pé ara ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti ń fà á.

Tíṣà Báyọ́lọ́jì: Wọn ò purọ́, ṣùgbọ́n ti ìgbà kan nìyẹn. Láti oṣù kìíní 1922 tí wọ́n ti fún ọmọ ọdún 14 kan ní abẹ́rẹ́ rẹ̀ ní Toronto, inú màlúù àti ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti ń mú un. Ní 1982 ni èyí tí bakitéríà ń ṣe dé ọjà: wọ́n fi àkọsílẹ̀ bí ara èèyàn ṣe ń sín ínsúlínì sínú kòkòrò náà, òun ló wá ń sín in. Irú rẹ̀ ló pọ̀ jù lọ́jà báyìí. Kẹ́ ẹ wo ara páálí, kẹ́ ẹ sì bi apòògùn.

Bàbá Elétò: Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gún un. Abẹ́rẹ́ yẹn tín-ín-rín ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Kí wọ́n máa pààrọ̀ ojú ibi tí wọ́n ń gún níkùn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ibẹ̀ á le. Ní ti iná, mo ní ìkòkò amọ̀ méjì, ọ̀kan wà nínú èkejì, yanrìn tí mo fi omi rin wà láàárín wọn, mo gbé e sí ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́. Mo ń fi ìgò sínú ọ̀rá kí omi má baà kàn án. Àwọn MSF, ẹgbẹ́ dókítà aláàánú, àti Yunifásítì Geneva ti yẹ ínsúlínì wò nínú irú ooru tó wà ní Dagahaley, ibùdó àwọn tó sá kúrò nílùú wọn, ní Kẹ́ńyà, tó ń lọ sókè sódò láàárín ìwọ̀n 25 àti 37. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, agbára ínsúlínì tí wọ́n yẹ̀ wò ò dín ju ti inú fíríìjì lọ. 2021 ni wọ́n gbé e jáde.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́: Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹ má tìtorí ẹ̀ gbé e sínú mọ́tò tó dúró sínú oòrùn o, ibẹ̀ ju 37 lọ fíìfíì.

Ọmọ Àlàájá: Màmá ní kí nọ́ọ̀sì wá fi bí wọ́n ṣe ń gún un han àwọn lọ́la. Ìgò tó dì yẹn, ṣé ilé oògùn lè gbà á padà?

Nọ́ọ̀sì Alẹ́: Rárá, wọn ò ní gbà á. Abẹ́rẹ́ tí ẹ bá ti lò, inú ike líle tó ní ìdérí ni kẹ́ ẹ máa jù ú sí, kì í ṣe ààtàn. Tó bá kún, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù.