Igi ni kí n fi ka gbèsè yìí, àbí dọ́là?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ forí jì mí tí ọ̀rọ̀ mi bá gùn díẹ̀. Iṣẹ́ àpilẹ̀kọ oyè kejì ni mò ń kọ lórí òwò igi sandalwood ní erékùṣù Hawaii, mo sì ti há.

Nígbà ayé Ọba Kamehameha Kìíní, ọba ló di òwò igi olóòórùn yìí mú. Àwọn oníṣòwò Boston ń rà á lọ tà ní Canton ní Ṣáínà. Ọba wàjà ní 1819. Liholiho ọmọ rẹ̀ gorí ìtẹ́, òun àtàwọn ìjòyè bá bẹ̀rẹ̀ sí í rajà àwìn, títí kan odidi ọkọ̀ Cleopatra's Barge, ìlérí igi ni wọ́n fi ń rà á. (Igi tí wọn ò tíì gé!) Ní 1826, ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà dé nítorí gbèsè, ìjọba sì ní kí ọkùnrin kọ̀ọ̀kan mú ìdajì picul igi wá, tàbí dọ́là Sípéènì 4. Picul kan tó nǹkan bíi kílò 60.

Mo ti sọ gbogbo rẹ̀ di dọ́là, ṣùgbọ́n iye owó igi ní Canton kò dúró lójú kan. Mo fi kílò kà á, àmọ́ ìtì igi ńlá àti ẹ̀ka wẹ́wẹ́ kì í ṣe ẹgbẹ́ lọ́jà. Alábòójútó mi ní kí n mú èyí tó bá wù mí, ìyẹn ò ràn mí lọ́wọ́ rárá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìtàn ọrọ̀ ajé, èwo ni kí n fi ṣe òpó àtẹ ìṣirò mi: ìwọ̀n igi ni, àbí dọ́là? Mo ti ń dúpẹ́ sílẹ̀.