Háífìn nínú àwọn ọ̀rọ̀ tó jẹ mọ́ iṣẹ́

Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé kí a máa fi háífìn sí gbogbo ọ̀rọ̀ alákànpọ̀ tó jẹ mọ́ iṣẹ́, kí òǹkàwé lè rí ẹ̀yà wọn kedere: “ò-ṣe-iṣẹ́”, “a-gbà-ẹni-sí-iṣẹ́”. N kò fara mọ́ ọn rárá, torí ohun tí à ń pè lẹ́nu kọ́ nìyẹn.

Ẹ wo agbanisíṣẹ́. Ohùn ìsàlẹ̀ ni “gbà” ní tó bá dá dúró, ṣùgbọ́n bí àbọ̀ tó jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé e, ohùn àárín ló ń di: gba iṣẹ́, gbaṣẹ́. Ìpajẹ sì ti mú fáwẹ̀lì iwájú kúrò lára “ẹni” àti “iṣẹ́”. Háífìn yóò dá fáwẹ̀lì tó ti lọ padà, yóò sì kọ ohùn tí kò sí níbẹ̀. Bákan náà ni òṣìṣẹ́: “ṣiṣẹ́” ní ohùn àárín lórí sílébù àkọ́kọ́, àmọ́ lẹ́yìn àfòmọ́ ò-, ó ti di ṣì. “Ò-ṣe-iṣẹ́” bo ìyẹn mọ́lẹ̀.

Iléeṣẹ́ ló le díẹ̀. Àrànmọ́ ló wà níbẹ̀ (fáwẹ̀lì kan yí padà láti jọ èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀), kì í ṣe ìpajẹ, nítorí náà e méjì la ó kọ. “Iléṣẹ́” kò tọ̀nà. Mo yan iléeṣẹ́ ju ilé-iṣẹ́ lọ, torí a lè fi oní- ṣíwájú odindi rẹ̀: oníléeṣẹ́. Owó oṣù ní tirẹ̀ kò pàdánù fáwẹ̀lì kankan. Ẹ jẹ́ kó dá dúró bẹ́ẹ̀.

Ibi tí háífìn ti wúlò ni oníṣẹ́-ọwọ́, torí oníṣẹ́ nìkan lè jẹ́ ẹni tí a rán níṣẹ́.

Ní ti ìtumọ̀, ẹ má fi àìríṣẹ́ṣe rọ́pò àìníṣẹ́lọ́wọ́. Ẹni tí kò ríṣẹ́ ṣe ti wá a, kò rí i. Ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ lè má wá a rárá. Nínú ìwé àdéhùn, “dá dúró lẹ́nu iṣẹ́” náà léwu: àwọn kan gbọ́ ọ bíi kí èèyàn lọ rọ́kún nílé fún ìgbà díẹ̀, àwọn mìíràn bíi kí wọ́n lé e pátápátá. Ẹ kọ èyí tí ẹ ní lọ́kàn síbẹ̀ ní kíkún.

Kí ẹ tó tẹ ìwé gígùn, ẹ yan ìrísí kan fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí kọ̀ǹpútà bá ń wá “iléeṣẹ́”, kò ní mú “ilé-iṣẹ́” wá. Bí háífìn bá sì bọ́ sí ìparí ìlà, òǹkàwé kò ní mọ̀ bóyá ti ọ̀rọ̀ ni tàbí ti ìlà. Háífìn tí kì í já ní ìparí ìlà (nọ́ńbà rẹ̀ nínú Unicode, ètò àmì ìkọ̀wé kọ̀ǹpútà, ni U+2011) ni kí ẹ lò nínú oníṣẹ́‑ọwọ́.