Ìyàwó mi fi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò mi pamọ́ nítorí ẹja

Àdìsá: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí ilé wa ò rójú, ẹja ló sì fà á. Mo máa ń yà sí Rocky River, odò kan nítòsí Cleveland ní Ohio, láàárọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́, láti fi fly, ìwọ̀ tí wọ́n fi ìyẹ́ dì bíi kòkòrò, wá steelhead, ẹja ńlá kan tó ń ti inú adágún wọ odò. Kì í ṣe ọtí, kì í ṣe obìnrin. Wákàtí kan péré! Ìyàwó mi ní orí mi ti yí. Lánàá, ó ri kọ́kọ́rọ́ mọ́tò mọ́ inú garawa gààrí, mo wá a títí ojú mi fi pọ́n. Àbúrò rẹ̀ tó wá kí wa láti Houston tún ń fi mí rẹ́rìn-ín, èmi tí mo ra tíkẹ́ẹ̀tì fún un! Láti oṣù kọkànlá, ẹja kan ṣoṣo ló gbé ìwọ̀ mi, ó sì já okùn lọ. Ẹ jọ̀ọ́, irú fly wo ni ẹja á tètè gbé, kí n lè gbé ọ̀kan wálé kí ẹnu obìnrin yìí lè pa mọ́?

Ìyá Ìbejì: Ẹ dúpẹ́ pé kọ́kọ́rọ́ nìkan ló rì. Bọ́ọ̀lù ni ti ọkọ tèmi. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ ẹ̀gbọ́n mi, inú mọ́tò ló jókòó sí tó ń wo Arsenal lórí fóònù. Mi ò tíì dárí jì í.

Ọmọ Ìlàjẹ: Bàbá mi ní Ayétòrò ò mọ fly. Àwọ̀n ló ń jù, kílẹ̀ tó mọ́ ẹja ti kún ọkọ̀. Ẹ̀yin ń fi ìyẹ́ adìẹ tan ẹja, wọ́n ní ẹlòmíì á tún dá a padà sómi tó bá mú un tán. Ṣé ẹja ọ̀hún ṣẹ̀ yín ni?

Alápẹja Erie: Ọmọ Ìlàjẹ, ẹ má ju àwọ̀n mú steelhead ní Ohio o, wọ́n á mú yín. Ọ̀pá là ń lò, steelhead méjì péré lóòjọ́, láti 1 oṣù kẹsàn-án títí di 15 oṣù karùn-ún. Ìjọba ló ń da ọmọ ẹja sódò, wọ́n á lọ dàgbà nínú adágún Erie, wọ́n á wá máa wọ́ padà sódò bí ará oko tó ń bọ̀ wálé ọdún. Àdìsá, aago mélòó lẹ ń débẹ̀? Aago mélòó lẹ ń wọṣẹ́? Àwọ̀ wo lomi ní?

Ọmọ Ìlàjẹ: Ẹja méjì! Kí la fẹ́ fìyẹn sè?

Àdìsá: Mo ní license o, kẹ́nikẹ́ni má bú mi. Fly ni mo béèrè, n ò béèrè àwọ̀ omi.

Bàbá Káyọ̀dé: Àdìsá, dáhùn ìbéèrè. Ìwọ lo wá ìmọ̀ràn wá, o tún ń bínú.

Àdìsá: Ẹ má bínú, bàbá. Mo máa ń débẹ̀ ní 6:15. 8:30 ni mo ń wọṣẹ́, ibẹ̀ sì jìn, mo gbọ́dọ̀ kúrò lódò ní 7:40. Omi náà pupa díẹ̀.

Alápẹja Erie: Ọ̀rọ̀ dé! Nínú oṣù kìíní yìí, ó ń lọ sí 7:50 kí oòrùn tó yọ ní Cleveland. Inú òkùnkùn lẹ wà láti 6:15. Ìmọ́lẹ̀ tí ẹ fi ń ríran ò ju ogún ìṣẹ́jú lọ! Fly kọ́ ló ń dà yín láàmú. Ẹ jẹ́ kó di àárín oṣù kẹrin, nígbà tí oòrùn á máa yọ ṣáájú aago méje. Kí ẹ tó sùn, ẹ wo òdiwọ̀n omi Rocky River tí wọ́n ń wọ̀n ní Berea lórí fóònù. Tómi bá pupa bí amọ̀, ẹ sùn. Tó bá dà bí omi tí wọ́n gbo ewúro sí, ẹ máa bọ̀. Ẹ so fly mọ́ okùn látàná, ẹ má kúrò nídìí ibú kan ṣoṣo. Tí yìnyín bá dì sójú òrùka ọ̀pá tí okùn ń gbà kọjá, ẹ ti orí rẹ̀ bọ omi, á yọ́. Ẹ má fi eyín họ ọ́ o. Mo ti ṣe é rí.

Àdìsá: Mo ní tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń dè mórí. Òkùnkùn ò ṣe mí ní nǹkan kan, àfi ọjọ́ kan lóṣù tó kọjá tí òkúta yọ̀ mọ́ mi lẹ́sẹ̀, tómi rọ́ wọnú wader, ṣòkòtò rọ́bà tí mo fi ń wọ odò. Ẹ̀ka igi ni mo dì mú. Mo wọṣẹ́ tèmi ti aṣọ tútù. Wader tí mo fi kọ́ sí balùwẹ̀ ni ìyàwó mi rí tó ń kán tó, tó, tó.

Ìyá Ìbejì: Háà! Èyí lẹ gbé pamọ́ látàárọ̀! Ẹ bá mi kí ìyàwó yín. Kó kó gààrí sí i lórí sí i.

Alápẹja Erie: Ṣé ẹ di bẹ́líìtì wader?

Àdìsá: Ó máa ń fún mi nínú.

Alápẹja Erie: Bẹ́líìtì yẹn ni kì í jẹ́ kómi rọ́ dé ẹsẹ̀! Ta lẹ bá lọ? Ṣé ẹ mọ̀wẹ̀?

Àdìsá: Ọmọ Ìbàdàn ni mí.

Ọmọ Ìlàjẹ: Orí omi ni wọ́n bí èmi sí, mi ò jẹ́ dá wọ odò yìnyín lóru.

Alápẹja Erie: Sátidé, 8:30 àárọ̀, mò ń lọ. Ẹ wá bá mi. Ẹ mú bẹ́líìtì dání, kí ẹ sì sọ ibi tẹ́ ẹ ń lọ fún ìyàwó yín.

Àdìsá: Mo gbọ́, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì dá mi lóhùn o: fly aláwọ̀ wo?