Ta ló mọ orúkọ fíìmù òyìnbó tí ọkùnrin kan ti jẹ ẹ̀wà nínú páànù?

Ọmọ Àkúrẹ́:
Ẹ kú ilé o. Bàbá mi ni mò ń bá wá fíìmù kan. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí iná bá ti dé lálẹ́ Sátidé, bàbá á ki kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n rà ní Ọjà Ọba bọ fídíò, àwa ọmọ á tò sórí ẹní. Ọkùnrin méjì ni: ọ̀kan tẹ́ẹ́rẹ́, ẹyinjú rẹ̀ búlúù, èkejì sígbọnlẹ̀, ó dá irùngbọ̀n sí. Tẹ́ẹ́rẹ́ yìí á sùn lọ fọnfọn lórí igi méjì tí wọ́n so mọ́ ẹ̀yìn ẹṣin, ẹṣin á máa wọ́ ọ lọ nínú eruku. Ó wá wọ ilé oúnjẹ, ó gba páànù ẹ̀wà, inú páànù náà ló ti jẹ ẹ́, tòun ti búrẹ́dì, kò ṣẹ́ ku nǹkan kan! Ibẹ̀ ni bàbá máa ń dá a padà sẹ́yìn kí a tún un wò. Kásẹ́ẹ̀tì náà ti hu. Bàbá ti pé 78.

Bọ̀dá Ọjà Ọba:
Àbúrò, They Call Me Trinity ni. 1970 ló jáde, Ítálì ni wọ́n sì ti yà á. Terence Hill ni tẹ́ẹ́rẹ́, Bud Spencer ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, olè ẹṣin tó ń ṣe bí ọlọ́pàá. Má ra ti 1971 o, Trinity Is Still My Name nìyẹn. Wọ́n jẹ ẹ̀wà níbẹ̀ náà.

Ìyá Ìbejì Oǹdó:
Bud Spencer ni tèmi! Ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ kì í ti ẹ̀gbẹ́ wá, àárín orí ló ń já lé, bí ẹni gún iyán. Carlo Pedersoli lorúkọ rẹ̀ gan-an, òun ni ọmọ Ítálì àkọ́kọ́ tó wẹ 100 mítà kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Ó lọ sí Òlíḿpíìkì 1952. Nígbà tó kú ní 2016, ó dùn mí bí ẹni pé èèyàn mi ni.

Ọmọ Àkúrẹ́:
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti rí i. Orí fóònù mi ni mo ti gbé e fún bàbá lánàá, wọ́n ní kí n sún un mọ́ ojú àwọn dáadáa. Wọn ò sọ̀rọ̀. Bó ṣe dé ibi ẹ̀wà, mo rí i tí ìka wọn ń rìn létí fóònù, wọ́n ń wá ibi tí wọ́n máa tẹ̀ kó padà sẹ́yìn. Mo bá wọn dá a padà. Ẹ̀ẹ̀mẹta la wo ibẹ̀.