Kí ló dé tí wọ́n fi dá eré Moonlight dúró lẹ́yìn sáà kan ṣoṣo?

Ọmọ Ọ̀wẹ̀, Kàbà:

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará ilé àti ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn odi. Mo ní ìbéèrè kan fún ẹ̀yin tí ẹ ti ń wo eré tẹlifíṣọ̀n òkè òkun láti ọjọ́ pípẹ́. Àbúrò mi tí ó ń kàwé ní Lọ́kọ́ja gbé eré Moonlight wálé nígbà ìsinmi, odindi rẹ̀ lórí fíláàṣì kan, èmi àti òun sì jọ wò ó tán. Nígbà tí apá kẹrìndínlógún parí, mo ń wá èyí tí ó tẹ̀ lé e, ni àbúrò mi bá sọ pé kò sí òmíràn mọ́, pé ibẹ̀ ni wọ́n ti dá a dúró. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí gan-an, mo sì fẹ́ mọ ìdí rẹ̀.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò tíì wò ó, Mick St. John ni ìtàn náà dá lé, òṣèré ọmọ Ọsirélíà, Alex O'Loughlin, ni ó sì ṣe é. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ aládàáni ni ní ìlú Los Angeles. Lóru ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ ní ọdún 1952 ni ìyàwó rẹ̀, Coraline, sọ ọ́ di fáńpáyà, ìyẹn òkú tí ń rìn, tí ń mu ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, láìgba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, láti ìgbà náà ni kò sì ti dàgbà mọ́. Inú fírísà ni ó ń sùn. Ẹ̀jẹ̀ tí ó ń mu, rírà ni ó ń rà á lọ́wọ́ ẹnì kan tí ó ń ṣiṣẹ́ ní mọ́ṣúárì, nítorí ó ti pinnu pé òun kò ní fi obìnrin, ọmọdé tàbí aláìṣẹ̀ ṣe oúnjẹ. Beth Turner, oníròyìn orí íntánẹ́ẹ̀tì tí Sophia Myles ṣe, ni ọmọ kékeré tí Mick gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ Coraline ní ọdún púpọ̀ sẹ́yìn. Ó ti wá di obìnrin báyìí, ọ̀nà òun àti Mick sì tún pàdé.

Ẹni tí ó wọ̀ mí lọ́kàn jù nínú gbogbo wọn ni Josef Kostan, ọ̀rẹ́ Mick, tí Jason Dohring ṣe. Fáńpáyà tí ó ti gbé ayé fún irinwó (400) ọdún ni, ó lówó bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, àwàdà ni ó sì fi ń dá gbogbo ènìyàn lóhùn bí ẹni tí nǹkan kan kò kàn. Àfi ìgbà tí a dé apá kẹwàá, tí a bá a wọ ilé kan ní New York, tí a rí obìnrin kan tí ń jẹ́ Sarah lórí ibùsùn, kò kú, kò sì jí. Òun ni Josef fẹ́ràn, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì gbà kí Josef sọ òun di fáńpáyà kí àwọn méjèèjì lè jọ wà títí, ṣùgbọ́n nǹkan náà kò bọ́ sí i. Láti àwọn ọdún 1950 ni ó ti wà lórí ibùsùn náà, ọkùnrin tí a ti ń fi ojú aláìbìkítà wò sì ni ó jókòó tì í yìí. Mo sunkún níbẹ̀.

Kí ni ó fa ìdádúró yìí gan-an? Ṣé àwọn òǹwòran kò pọ̀ tó ni? Ṣé ẹnikẹ́ni tilẹ̀ gbèjà eré náà nígbà tí wọ́n fẹ́ pa á tì? Ǹjẹ́ ó sì yẹ kí n sọ fún ẹlòmíràn pé kí ó lọ wò ó, nígbà tí mo mọ̀ pé ìtàn náà kò dé ibi tí ó ń lọ?

Tíṣà Ìsánlú:

Ọ̀kun, àbúrò mi. Inú mi dùn pé ẹnì kan tún béèrè ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé ó ti pẹ́ tí ó ti ń ká mi lára.

Ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ọdún 2007 ni ilé iṣẹ́ CBS ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e sáfẹ́fẹ́, ọjọ́ 16 oṣù karùn-ún ọdún 2008 sì ni apá tí ó gbẹ̀yìn jáde. Inú oṣù karùn-ún yẹn kan náà ni wọ́n kéde pé kò ní padà wá. Kì í ṣe pé kò ní òǹwòran. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n fi í sí, alẹ́ tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ níbẹ̀ kì í jókòó sílé, síbẹ̀ ó rí ẹni wò ó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2008 ni ó gba àmì ẹ̀yẹ People's Choice fún eré tuntun tí àwọn ènìyàn fẹ́ràn jù lọ, ìbò àwọn òǹwòran fúnra wọn ni wọ́n sì fi ń fúnni ní àmì ẹ̀yẹ yẹn. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ni wọ́n pa á tì.

Ohun tí ó kọ́kọ́ ṣe é léṣe ni ìyanṣẹ́lódì àwọn òǹkọ̀wé eré, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù kọkànlá ọdún 2007, tí kò sì parí títí di ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 2008. Bí òǹkọ̀wé kò bá kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, òṣèré kò ní ohun tí yóò sọ. Apá kejìlá jáde ní oṣù kìíní, apá kẹtàlá kò sì jáde títí di òpin oṣù kẹrin. Ẹ wo ibi tí wọ́n gé e sí: Mick, tí ó ti ń wá bí òun yóò ṣe tún di ènìyàn fún ohun tí ó lé ní àádọ́ta ọdún, ṣẹ̀ṣẹ̀ rí oògùn lọ́wọ́ Coraline, èyí tí ó lè sọ ọ́ di ẹlẹ́ran ara fún ìgbà díẹ̀ ni. Ibẹ̀ gan-an ni ìtàn ti gbóná jù, ibẹ̀ sì ni òǹwòran ti dúró fún oṣù mẹ́ta gbáko. Nígbà tí ó padà dé, inú apá kẹtàlá náà ni Mick ti bẹ Josef pé kí ó sọ òun di fáńpáyà padà, nítorí pé kò sí ọ̀nà mìíràn tí ó fi lè gba Beth lọ́wọ́ ikú. Mo gbà pé kò sí ibi tí òǹkọ̀wé wọn ti ṣe dáadáa tó ibẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì lè má rí i, nítorí wọ́n ti gbàgbé alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kí ó tó padà dé.

Àwọn ìṣòro mìíràn wà nílé tẹ́lẹ̀. Kí eré náà tó jáde ni wọ́n ti pààrọ̀ àwọn òṣèré pàtàkì, tí ó fi jẹ́ pé Alex O'Loughlin nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ nínú wọn, David Greenwalt tí wọ́n gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́ sì fi í sílẹ̀ nítorí àìlera kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n èyí tí n kò lè gbà ni àkókò tí wọ́n yàn láti dá a dúró. Oṣù karùn-ún ọdún 2008 ni wọ́n lé e jáde. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà ni ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n HBO bẹ̀rẹ̀ eré fáńpáyà tiwọn, True Blood, ní oṣù kọkànlá ni fíìmù Twilight jáde tí gbogbo àgbáyé sì ń sáré lọ wò ó, nígbà tí yóò fi di oṣù kẹsàn-án ọdún 2009, The Vampire Diaries ti bẹ̀rẹ̀, ó sì lo sáà mẹ́jọ títí di ọdún 2017. Ìgbà tí ayé ń bọ̀ wá wá fáńpáyà ni CBS ti tì í síta. The Ex List ni wọ́n fi sí àyè rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Apá mẹ́rin péré ni ó jáde kí wọ́n tó gbé e kúrò. Nígbà tí ó yá, ní ọdún 2010, ilé iṣẹ́ CW, tí CBS ní ìpín nínú rẹ̀, tún gbé Moonlight tí wọ́n ti pa tì yìí jáde ní àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn wọn, kí àwọn tí ń wo The Vampire Diaries lè rí nǹkan wò. Ẹ rí i pé wọ́n mọ iyì rẹ̀, ó kàn jẹ́ pé wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n.

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀gbẹ̀:

Mo kí yín o. Àbúrò béèrè bóyá ẹnikẹ́ni gbèjà eré náà. Wọ́n gbèjà rẹ̀ dáadáa, ọ̀nà tí wọ́n sì gbà ṣe é ni ó jẹ́ kí n nífẹ̀ẹ́ àwọn òǹwòran rẹ̀ títí di òní. Yàtọ̀ sí lẹ́tà tí wọ́n kọ, wọ́n pe ara wọn jọ láti lọ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ Red Cross ní orúkọ eré náà, Alex O'Loughlin náà sì bá Red Cross polongo ìfẹ̀jẹ̀tọrẹ. Ẹ̀jẹ̀ tí Mick ń rà ní kọ̀rọ̀ nínú eré, àwọn tí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ ń fi ti ara wọn tọrẹ ní gbangba fún aláìsàn tí wọn kò mọ̀ rí.

Iṣẹ́ mi ni ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára. Níhìn-ín, ìgbà tí ọmọ bá dé pẹ̀lú ibà tí ẹ̀jẹ̀ ti tán lára rẹ̀, tàbí tí obìnrin bá ń ṣẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ, ni àwọn ẹbí máa ń ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré kiri wá ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá a mu. A ó tún yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò fún kòkòrò HIV àti àrùn mẹ́dọ̀wú irú B àti C kí a tó lè lò ó, àkókò sì ń lọ. Ẹni tí ó wá fúnra rẹ̀, tí kò ní ẹbí kankan lórí ibùsùn, ṣọ̀wọ́n púpọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin tí ara rẹ̀ le lè fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kí obìnrin sì ṣe é ní oṣù mẹ́rin mẹ́rin, láìsí ewu.

Ìdí nìyí tí apá kẹrin fi jẹ́ ààyò mi. Mick há sínú aginjù, oòrùn sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Beth bá a nínú ọpọ́n ìwẹ̀ ní ilé ìtura kan tí ó ti di ahoro, ìgbà yẹn ni ó na apá rẹ̀ sí i pé kí ó mu. Mick kọ̀ ọ́, ó ń bẹ̀rù pé òun kò ní lè dúró bí òun bá ti bẹ̀rẹ̀. Beth kò gbé apá rẹ̀ kúrò. Ojú O'Loughlin níbẹ̀, ìtìjú àti òùngbẹ lẹ́ẹ̀kan náà, n kò rí irú rẹ̀ nínú àwọn eré fáńpáyà tí wọ́n dé lẹ́yìn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, àbúrò mi, máa sọ fún àwọn ènìyàn pé kí wọ́n wò ó.

Ará Mọpà:

Mo kí ẹ̀gbọ́n Tíṣà àti ìyá wa nọ́ọ̀sì. Èrò tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Mo fẹ́ràn eré náà, ṣùgbọ́n àwọn apá àkọ́kọ́ rẹ̀ kò lágbára tó. Ọ̀ràn tí Mick ń wádìí máa ń rọrùn jù. Ẹni tí ó bá ti ń wo eré ọlọ́pàá yóò ti mọ ọ̀daràn náà kí eré tó dé ìdajì. Mick náà sì ń dá sọ̀rọ̀ sí wa létí jù, ó ń ṣàlàyé ohun tí ojú wa ti rí fúnra rẹ̀.

Ohun tí ó jẹ́ kí n dúró tì í ni pé ó súnmọ́ ìtàn àkúdàáyà tí àwọn àgbà wa máa ń sọ. Ẹnì kan kú ní ìlú rẹ̀, ó lọ fi ìlú mìíràn ṣe ibùgbé, ó ń tajà, ó fẹ́ ìyàwó, ó bímọ, ara rẹ̀ balẹ̀, títí di ọjọ́ tí ará ilé rẹ̀ kan wọ ọjà tí ó sì dá a mọ̀. Ọjọ́ náà ni ó pòórá. Ìbẹ̀rù kan náà ni Mick àti Josef fi ń gbé ayé, nítorí pé ẹni tí ojú rẹ̀ kò yí padà láti ọdún 1952 kò lè jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ òun pẹ́. Orí ìbẹ̀rù yìí ni apá tí ó gbẹ̀yìn dá lé: ọlọ́pàá mú fáńpáyà kan, ó sì halẹ̀ pé bí wọn kò bá yọ òun, òun yóò tú àṣírí gbogbo wọn. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, Mick lọ sí ẹnu ilẹ̀kùn Beth, ó sọ fún un pé òun fẹ́ràn rẹ̀, ó sì tán. Èmi gbà pé ibẹ̀ dára láti parí sí. Ohun tí a ń bi ara wa láti apá kìíní ni bóyá yóò sọ ọ́, ó sì ti sọ ọ́.

Ní ti pé kí CBS gbọ́ igbe àwọn òǹwòran, ẹ má gbàgbé Jericho. Ní ọdún 2007, nígbà tí wọ́n dá eré yẹn dúró, àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ fi ẹ̀pà tí ó tó ogún tọ́ọ̀nù ránṣẹ́ sí CBS, CBS sì fún wọn ní apá méje sí i. Àwọn tí wọ́n wò ó kò pọ̀ tó bí wọ́n ṣe rò, wọ́n sì tún dá a dúró ní oṣù kẹta ọdún 2008. Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ Moonlight dé iwájú wọn. Mo rò pé wọ́n ti pinnu pé àwọn kò ní tẹ́tí sí irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ọmọ Ọ̀wẹ̀, Kàbà:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. N kò mọ̀ nípa ìyanṣẹ́lódì náà, ó sì ti jẹ́ kí n lóye ìdí tí apá kẹtàlá fi ń yára bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ẹ̀gbọ́n Mọpà, mo gbà pé ìtàn Mick àti Beth rí ibi parí sí. Ṣùgbọ́n Coraline ńkọ́, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú lọ tí a kò sì rí i mọ́? Sarah ńkọ́, tí ó ṣì wà lórí ibùsùn yẹn? Ṣé Josef kò ní gbìyànjú láti wá oògùn Coraline fún un, nígbà tí ó ti rí i pé ó ṣiṣẹ́ lára Mick? Mo ti fi fíláàṣì náà rán ẹnì kan ní Ìyàrà. Bí òun náà bá wò ó tán, n ó jẹ́ kí ó wá bá wa dá sí ọ̀rọ̀ Sarah yìí.