Ìkìlọ̀ kọ́, ìtanilólobó ni

Ẹ kú àròjinlẹ̀ o, ẹ̀yin àgbà èdè. Àbá méjì ló wà nílẹ̀ lórí orúkọ Yorùbá tí a ó máa pe iṣẹ́ tí ilé ìkàwé ń ṣe lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ìkíní ní ká máa pe ohun tí Google Alerts, irinṣẹ́ tó ń báni ṣọ́ ọ̀rọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ń fi ránṣẹ́ ní “ìkìlọ̀ ìṣàwárí”. Ìkejì ní ká pe lílo Facebook, Instagram àti irú wọn láti jẹ́ káráyé mọ ilé ìkàwé ní “ìpolówó ilé ìkàwé”. N kò fara mọ́ ìkíní rárá. Ìkejì, mo gbà á dé ìwọ̀n kan.

Ibi tí ewu bá wà ni wọ́n ti ń kìlọ̀. Ewu wo ló wà níbẹ̀ bí ẹnìkan bá kọ ọ́ sórí búlọ́ọ̀gù rẹ̀ pé ilé ìkàwé kan ran òun lọ́wọ́? Irinṣẹ́ yìí, tí Google gbé jáde lọ́dún 2003, ẹ ó fún un ní ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ kó máa bá yín ṣọ́ ni. Bó bá ti rí ojú ewé tuntun tí ọ̀rọ̀ náà wà, á fi ìjápọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sínú ímeèlì yín. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún yín, títa ló ta yín lólobó. “Ìtanilólobó” ni mo fọwọ́ sí. Ẹni tó mú “alóre” wá náà gbìyànjú, ó sì dùn létí, àmọ́ alóre ni ẹni tó ń ṣọ́nà, kì í ṣe ìròyìn tó mú wá. Ẹ jẹ́ ká fi alóre pe irinṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Ní ti “ìfitónilétí”, gbogbo ohun tí fóònù ń tìtorí rẹ̀ dún la ti ń pè bẹ́ẹ̀, kò dá yàtọ̀ mọ́.

Ọwọ́ òṣìṣẹ́ ló yẹ ká máa wò ká tó sọ nǹkan lórúkọ. Olùtọ́jú ilé ìkàwé á tẹ orúkọ ilé ìkàwé rẹ̀ sáàárín àmì àyọlò (“ ”), kí alóre má baà máa kó gbogbo ibi tí “ilé” àti “ìkàwé” ti dá wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ wá bá a. Á tún un tẹ̀ láìsí àmì ohùn, torí ọ̀pọ̀ wa (ẹ má bínú) kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ tá a bá ń tẹ nǹkan lórí fóònù. Á ṣe ti orúkọ àtijọ́ àti ti ìnagijẹ náà. Á wá fi àmì ìyọkúrò (-) síwájú “site:” àti àdírẹ́ẹ̀sì ìkànnì tirẹ̀, kí ìkéde tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ má baà tún máa padà wá bá a bí ìròyìn tuntun. Ó lè ní kó máa dé bó bá ṣe ń ṣẹlẹ̀, lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, tàbí lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Lójú tèmi, ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ tó.

Ká ní àkójọ ìwé ìròyìn àtijọ́ wà ní ilé ìkàwé náà, olùtọ́jú rẹ̀ sì ti ní kí alóre máa ṣọ́ ọ̀rọ̀ yẹn náà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìtanilólobó dé: oníbúlọ́ọ̀gù kan ń wá irú ìwé bẹ́ẹ̀ torí ìtàn ìdílé rẹ̀. Òṣìṣẹ́ wa lọ dá a lóhùn lábẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé, “A ní in, bí ẹ ó ṣe rí i kà rèé,” ó ya àwòrán ojú ewé kan, ó gbé e sórí Facebook. Ṣé ìpolówó nìyẹn? Ẹni tó ń kiri ọjà kò mọ ẹni tébi ń pa, gbogbo àdúgbò ló ń pariwo sí. Ẹni tiwa yìí mọ ẹni tó pè é, ó sì jẹ́ ẹ. Mo dá “ìjẹ́pè” lábàá fún un. Kí “ìpolówó” wà fún ìkéde wákàtí ìtàn àwọn ọmọdé àti ìwé tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Àwọn tó ń sọ pé ilé ìkàwé kì í tajà, pé kí ló fẹ́ polówó, kí wọ́n rántí pé ọ̀rọ̀ “ìpolówó” ti kúrò lọ́jà tipẹ́.

Alóre kò rí inú WhatsApp, kò sì rí inú ẹgbẹ́ orí Facebook tí wọ́n ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ pa. Níbi tí wọ́n bá ti gba òṣìṣẹ́ wọlé, òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa wá kiri, “ìwákiri” lásán sì tó láti pè é.

Háṣítáàgì, àmì # tí a ń fi síwájú ọ̀rọ̀, ńkọ́? Láti ọdún 2007 tí Chris Messina ti dá a lábàá lórí Twitter, tó ń jẹ́ X báyìí, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀. Kìkì pé kò gba àlàfo, nítorí náà ẹ fi lẹ́tà ńlá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, #IleIkawe, kí ẹ̀rọ tó ń kàwé fún afọ́jú lè pè é bó ṣe yẹ.

Èyí tó ṣì ń dùn mí ni orúkọ àwọn tó ń tẹ̀lé ojú òpó ilé ìkàwé. “Ọmọlẹ́yìn” tí ẹ̀ ń lò yẹn, àfi bí ẹni pé wòlíì ni olùtọ́jú ìwé. Ẹni tó bá ní òmíràn, kó mú un wá.